Kí Ni Ògúnmọ́lá Ṣe Lórí Ìtàgé?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826, Aláàfin Májọ̀tú ní kí àlejò òyìnbó kan wá wòran ní Ọ̀yọ́ Ilé. Hugh Clapperton ni àlejò náà, Richard Lander ìránṣẹ́ rẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn eégún aláré ló fẹ́ ṣeré. Clapperton kò gbọ́ èdè, kò mọ oríkì ẹnikẹ́ni, kò sì mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ. Síbẹ̀, ohun tó kọ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1829, ṣì tó fún wa láti fojú inú wo agbo ọjọ́ náà. Ó ní òjòlá kan yọ jáde láti inú àpò, ó ń fà kiri, ó ń yọ ahọ́n bẹ̀lẹ́bẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni “òyìnbó” jáde: ẹ̀dá kan tó funfun bí ìda, tó rù hangogo, tí òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Ó ń ṣe bí ẹni tó ń fín aṣáà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò bọ́ bàtà rí, tí wọ́n wá ní kó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tó ti dì bíi yìnyín. Àwọn èrò ń wo eégún, wọ́n tún ń yíjú sí Clapperton, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó wò ó dáadáa. Gbólóhùn ìyìn kan péré ni ọkùnrin náà fún òṣèré yìí, pé ó sín àwọn òyìnbó jẹ dọ́ba. Gbogbo ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ọwọ́, ẹsẹ̀, ìrìn àti aṣọ. Nítorí ìyẹn, òṣèré tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, tó ti tó igba ọdún tó ti ṣeré, ṣì ń pa wá lẹ́rìn-ín lónìí.

Ẹ wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wà lọ́wọ́ wa nípa Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì ni, wọ́n bí i ní 1925, iṣẹ́ tíṣà ló sì ń ṣe kó tó kó ẹgbẹ́ òṣèré jọ nígbà tí àwọn ọdún 1940 ń parí lọ. Òṣogbo ló fi ṣe ibùdó, tó ti ń gbé eré bí Ifẹ́ Owó káàkiri ìlú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Yunifásítì Ìbàdàn fún un láyè oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ Rockefeller láti Amẹ́ríkà, kó wá bá àwọn tó ń kọ́ni ní eré ṣíṣe níbẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ibẹ̀ ni Láńkẹ́ Ọ̀mùtí ti wáyé, eré tó fà yọ láti inú ìwé Amos Tutùọlá tí ilé ìtẹ̀wé Faber gbé jáde ní London ní 1952. Demas Nwoko ló ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé rẹ̀. Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún aráyé wò, Ògúnmọ́lá fúnra rẹ̀ ló sì ṣe Láńkẹ́. Ní 1969, eré yìí kan náà ló gbé lọ sí Algiers, níbi àjọ̀dún àṣà gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Àìsàn dá a gúnlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó sì kú ní 1973. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Àjàní Ògún, fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi èdè Yorùbá ṣe, jáde. Nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèré ìgbà yẹn, Ògúndé ráyè bọ́ sídìí sinimá. Bàbá Sàlá náà ráyè. Ikú kò fún Ògúnmọ́lá láyè.

Láàárín àwọn tó kọ̀wé nípa tíátà Yorùbá láyé ìgbà yẹn, ó ṣòro kí èèyàn tó rí ẹni tí kò gbé ọkùnrin yìí gẹ̀gẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n á pe Ògúndé. Bí ó bá kan ẹni tó mú ìtàn àwọn ọba àti òrìṣà wá sórí ìtàgé, wọ́n á pe Dúró Ládiípọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan òṣèré ní tirẹ̀, ẹni tó lè di ẹlòmíràn lójú ara rẹ, orúkọ Ògúnmọ́lá ló ń ṣáájú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ni ó wá ṣe? Báwo ló ṣe ń rìn bó bá di Láńkẹ́? Ibo ló ti ń dákẹ́, ta ló ń wò nígbà tó bá dákẹ́? Níbi tí ìbéèrè bá ti dé báyìí, orúkọ ìyìn ló máa ń dáhùn: ọ̀jẹ̀, àgbà òṣèré, ọ̀gá àwọn ọ̀gá. Ohun tí mo rò nìyí: irú ìyìn bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó dùn tó létí, kì í ṣe òṣèré orí ìtàgé ní oore kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ máa ń tán lálẹ́ tó bá ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ yìn ín ní láti sọ ohun tó ṣe, nítorí nígbà tí aṣọ ìtàgé bá ti wálẹ̀, àlàyé yẹn ni ìwọ̀nba tó kù nínú iṣẹ́ náà. Àbújá, tí eré orí ìtàgé ń gbèrú níbẹ̀ báyìí, ti ń yá àṣà ìyìn lásán yìí lò lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú.

Kí ó tó di pé a dé Àbújá, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ipa Láńkẹ́ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe é. Ọ̀rọ̀ àti orin eré náà wà lákọsílẹ̀: Robert Armstrong, Robert Awújoọlá àti Val Ọláyẹmí ló dà á kọ, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1968. Ọ̀mùtí ni Láńkẹ́, ẹmu ni oúnjẹ rẹ̀, ẹmu ló ń wá dé ìlú àwọn òkú nítorí pé adẹ́mu rẹ̀ já lórí ọ̀pẹ, ó sì kú. Eré olórin ni, ìlù kì í sinmi nínú rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ wà níbẹ̀. Èdè tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń pààlà sí ìtumọ̀ rẹ̀ kò gba kí ọ̀mùtí máa gbé ọ̀rọ̀ mì bó ṣe wù ú. Bí ahọ́n bá lọ́, ohùn á ṣì, bí ohùn bá ṣì, ọ̀rọ̀ ti di nǹkan mìíràn, onílù pàápàá kò ní mọ ibi tí yóò ti gbè é. Òṣèré tó bá fẹ́ kí a gbà pé ọtí ń pa òun ní láti jẹ́ kí ẹsẹ̀ àti ojú mutí, kí ẹnu má mu rárá. Ejìká lè máa já wálẹ̀, orúnkún lè máa tẹ̀, ọwọ́ lè máa wá igbá tí kò sí níbi tó rò pé ó wà, síbẹ̀ kí orin ṣì bọ́ sí ojú ìlù gẹ́ẹ́. Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ náà nìyí, òun náà sì ni ìwé ọ̀rọ̀ eré kò lè gbà sílẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sí gbọ̀ngàn náà ní 1963, tó sì kọ ojú ìwé méjì péré nípa orúnkún Ògúnmọ́lá, ì bá ti ṣe fún wa ju ẹgbẹ̀rún ẹni tó pè é ní ọ̀gá lọ.

Àwọn kan gbìyànjú, ó yẹ ká sọ òótọ́. Ulli Beier, òǹkọ̀wé òyìnbó kan, ti kọ̀wé nípa eré olórin àwọn Yorùbá láti 1954, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń fojú ẹ̀gàn wo eré tí wọ́n ń ṣe nínú gbọ̀ngàn ìlú àti kíláàsì ilé ìwé. Ohun tó rí lára Ògúnmọ́lá ni ojú tó fi ń wo ìwà ẹ̀dá, bó ṣe lè fi ohun kékeré bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà ńlá, láìsí ariwo. Ṣùgbọ́n ìyìn Beier ní àbùkù tirẹ̀. Ó fẹ́ràn ohun tó jọ ti àtijọ́. Sasofóònù Ògúndé àti àwọn ọmọbìnrin tó ń jó nínú eré rẹ̀ kò tù ú lára, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi Ògúnmọ́lá na Ògúndé ní pàṣán. Èyí fún àwọn kan láǹfààní láti sọ pé ìyìn alámèyítọ́ kò ju adùn ẹnu ẹnì kan lọ: òyìnbó fẹ́ràn eléyìí, kò fẹ́ràn tọ̀hún, kí ló kàn wá? Mo gbà pé adùn ẹnu ni. Ṣùgbọ́n ibi tí Beier ti sọ ohun tó rí, pé sasofóònù wà, pé àwọn ọmọbìnrin ń jó, ibẹ̀ gan-an ni a ti lè bá a jiyàn lónìí, ká sọ pé ohun tó kà sí ìbàjẹ́ lójú tirẹ̀ ni Ògúndé fi kó èrò jọ, tó sì fi la ọ̀nà fún gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e. Ibi tó ti sọ pé ẹnì kan dára tí kò sì sọ ìdí, kò sí bí a ṣe lè bá a jà, kò sì sí bí a ṣe lè gbè é lẹ́yìn.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àpẹẹrẹ kan wà tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Edmund Kean fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣeré kiri àwọn ìlú kéékèèké, ebi ń pa òun àti ìyàwó rẹ̀, kí wọ́n tó pè é wá sí gbọ̀ngàn Drury Lane ní London ní oṣù kìíní ọdún 1814. William Hazlitt wà níjokòó lálẹ́ ọjọ́ náà fún ìwé ìròyìn Morning Chronicle. Ó kọ̀wé, ó tún padà lọ, ó tún kọ. Nígbà tí Kean ṣe ipa Ọba Richard Kẹta, Hazlitt sọ bó ṣe jà ní ìparí bí ẹni tí ọgbẹ́ ti mu yó, tí idà sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá dúró na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni pé ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ nìkan tó láti fi pa ọ̀tá. Níbi tí Kean kò bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Kean kú ní 1833, kí ẹnikẹ́ni tó lè ya fọ́tò òṣèré lórí ìtàgé, síbẹ̀ òṣèré tó bá fẹ́ ṣe Richard lónìí ṣì lè lọ ka bí ọwọ́ méjì yẹn ṣe nà. Kì í ṣe pé òṣèré Gẹ̀ẹ́sì ju tiwa lọ. Ẹni tó jókòó wò ó ló mú kálámù dání.

Àwọn kan yóò sọ pé èyí jẹ́ àṣà àjèjì, pé lọ́dọ̀ tiwa, èrò ìwòran fúnra rẹ̀ ni alámèyítọ́. Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá mọ tíátà alárìnkiri mọ̀ pé àwọn èèyàn kì í jókòó tẹtẹrẹ. Wọ́n ń bá òṣèré sọ̀rọ̀, wọ́n ń kìlọ̀ fún un pé ìyàwó kejì ti bu májèlé sọ́bẹ̀, wọ́n ń bú ọ̀dàlẹ̀, wọ́n ń ju owó. Bí eré kò bá dùn, wọ́n á dìde lọ, olórí ẹgbẹ́ á sì mọ̀ kó tó kúrò nílùú pé apá ibí yìí nílò àtúnṣe. Ìdájọ́ ni, ó sì yá ju ti ìwé ìròyìn lọ. Ṣùgbọ́n ariwo kì í sọ ohun tó fa òun. Owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ òṣèré níwájú orí lè jẹ́ nítorí pé ó ṣeré dáadáa, ó sì lè jẹ́ nítorí pé ó ki olówó kan tó wà níjokòó iwájú. Àti pé nínú àṣà tiwa náà, ta ló sọ pé ariwo ni ìyìn? Ẹ wo oríkì. Akéwì tó mọṣẹ́ kì í sọ pé baba ẹni jẹ́ èèyàn ńlá kó dákẹ́. Ogun tó jà, igi tó gbìn, irú oúnjẹ tó kọ̀, ilà tó wà lójú rẹ̀, ìgbà tó jẹ gbèsè pàápàá, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú oríkì, títí ẹni tí kò bá baba náà láyé á fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí baba ẹlòmíràn. Láti inú ilé la ti mọ̀ pé ìyìn tí kò ní ohun pàtó nínú kò gbé ẹnikẹ́ni dúró.

Ìṣòro mìíràn tún wà tó jẹ́ ti tíátà Yorùbá nìkan. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ alárìnkiri, tí Bíọ́dún Jéyìífò fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1984 pé wọ́n ju ọgọ́rùn-ún lọ nígbà kan, kò sí ìwé ọ̀rọ̀ tí òṣèré ń há sórí. Olórí ẹgbẹ́ á sọ ìtàn, á pín ipa, òṣèré á sì fi ẹnu ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ Yorùbá dénú, bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo rìn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, òun náà ṣeré lórí ìtàgé pẹ̀lú wọn, ó sì ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn ni pé eré kan ń dàgbà láti ìlú dé ìlú: ibi tí èrò bá ti rẹ́rìn-ín lónìí, òṣèré á fà á gùn lọ́la, ibi tí wọ́n bá ti dákẹ́, á gé e kúrú. Kareem Adépọ̀jù, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Wándé nítorí fíìmù Ti Olúwa Nilẹ̀ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1993, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú ẹgbẹ́ Adéjọbí kí kámẹ́rà tó bá a. Yíyin irú òṣèré bẹ́ẹ̀ jẹ́ yíyin ẹni méjì nínú ara kan: ẹni tó ṣe é àti ẹni tó kọ ọ́. Adéjọbí alára tún jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ láti kékeré, kò lè fò káàkiri ìtàgé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohùn àti ìjókòó ló fi ń pàṣẹ. Ẹni tó bá sọ pé àgbà òṣèré ni kó tó lọ sílé kò tíì sọ nǹkan kan nípa ìyẹn.

Ìyìn tiẹ̀ lè pa iṣẹ́ lára. Dúró Ládiípọ̀ ni ẹlẹ́rìí. Ọba Kòso tó kọ́kọ́ gbé jáde ní Òṣogbo ní 1963 gbé e dé Berlin ní 1964, ó tún gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àjọ̀dún Commonwealth ní 1965. Àwọn tí kò gbọ́ gbólóhùn kan nínú Yorùbá dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Nílé, àwọn èèyàn kò tilẹ̀ pè é ní òṣèré mọ́; Ṣàngó ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní òrìṣà ló ń gùn ún, ìtàn sì pọ̀ nípa ààrá àti òjò tó tẹ̀ lé ikú rẹ̀ ní 1978. Ìyìn wo ló tún lè ga ju ìyẹn lọ? Síbẹ̀, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gba òógùn lójú òṣìṣẹ́. Ọmọ ilé ṣọ́ọ̀ṣì ni Ládiípọ̀, tíṣà ni, orin ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kọ kó tó di pé ìlù ìbílẹ̀ tó gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo ní 1961 dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ló kọ́ kó tó mọ ìlù bàtá, ìwádìí ló ṣe kó tó mọ oríkì Ṣàngó, ìgbáradì ló sì mú kí iná jáde lẹ́nu rẹ̀ lásìkò tó yẹ láìjó irùngbọ̀n. Wọlé Ṣóyínká gbé Ọba Kòso yẹ̀ wò láti inú wá nínú ìwé tó gbé jáde ní 1976, ó ń bi eré náà léèrè ohun tó ń sọ nípa ọba, agbára àti ìṣubú. Ìyẹn ṣe Ládiípọ̀ ní ẹ̀yẹ ju ká sọ pé Ṣàngó ló ṣe é lọ, nítorí bó bá jẹ́ Ṣàngó ló ṣe é, kí ni Ládiípọ̀ wá ṣe?

Àbújá wá ń kọ́? Ìlú yìí kò tíì pẹ́. Ọdún 1976 ni wọ́n ya ilẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀, oṣù kejìlá 1991 ni ìjọba kó wá láti Èkó. Kò ní gbọ̀ngàn eré tó dà bí ti Ìgànmú ní Èkó, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni ilé gogoro Millennium Tower àti gbọ̀ngàn àṣà tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàárín ìlú fi wà láìparí. Síbẹ̀ eré ń lọ. Cyprian Ekwensi Centre wà ní Area 10 ní Garki, ẹ̀ka ìmọ̀ tíátà wà ní Yunifásítì Àbújá, àwọn ilé àṣà tí àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè gbé kalẹ̀ ń yá òṣèré ní gbọ̀ngàn, Arojah Royal Theatre tí Jerry Adéṣẹ̀wò dá sílẹ̀ sì ti fi hàn pé ẹgbẹ́ òṣèré lè fi ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ilé. Bí ìròyìn eré bá wá jáde lọ́jọ́ kejì, báwo ló ṣe máa ń rí? Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́: mínísítà tàbí aṣojú rẹ̀ sọ pé àṣà wa kò gbọdọ̀ parun. Ìkejì: orúkọ àwọn ọlọ́lá tó wà níjokòó. Ìkẹta: ilé iṣẹ́ tó ṣe onígbọ̀wọ́. Ní ìparí pátápátá, gbólóhùn kan péré: àwọn òṣèré gbìyànjú, èrò sì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fún ọ̀kan nínú wọn ní àwo ẹ̀yẹ níbi àsè kan, wọ́n á pè é ní ìràwọ̀ ìtàgé. Alẹ́ kan tàbí méjì ni ọ̀pọ̀ eré fi ń wà lórí ìtàgé níhìn-ín, ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà gan-an ni Àbújá fi nílò àkọsílẹ̀ ju ibi tí eré ti ń lo oṣù kan lọ.

Ìdí mìíràn tún wà tí iṣẹ́ alámèyítọ́ Àbújá fi ní adùn tí ti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo kò ní. Ẹ mú òṣèré Yorùbá kan tó ń ṣe Ẹlẹ́ṣin nínú Death and the King's Horseman ti Ṣóyínká, eré tó jáde ní 1975 lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1946, tí Ládiípọ̀ náà ti ṣe ní tirẹ̀ pẹ̀lú Ọba Wàjà. Ní Ọ̀yọ́, àwọn tó jókòó mọ ẹni tí Olókùn Ẹṣin jẹ́, ẹni tó gbọ́dọ̀ bá ọba kú, kó tó la ẹnu. Ní Garki, Gbagyi wà níjokòó, Hausa wà, Tiv, Igbo, Edo, àti ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kubwa ní Àbújá, tí ìlù kò sọ nǹkan kan fún. Ìpele kẹta ni iṣẹ́ wà: Ẹlẹ́ṣin ń jó lọ sọ́run, akígbe oríkì ń pè é, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń dín kù, ijó rẹ̀ ń wúwo sí i. Báwo ni òṣèré náà ṣe mú kí ẹni tí kò gbọ́ ìlù rí i pé ọkùnrin yìí ti ń jìnnà sí wa? Ṣé ojú ló kọ́kọ́ lọ, tí kò wo ẹnikẹ́ni mọ́? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń pẹ́ sí i kó tó kúrò nílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlù kò yí padà? Àbí ńṣe ló kàn ń lagùn, tó ń di ojú, tó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, bí púpọ̀ nínú wọn ti máa ń ṣe? Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín òṣèré àti ẹni tó wọ aṣọ òṣèré. Ó yẹ kí ẹnì kan wà tí yóò sọ ọ́, kí ó sì sọ ọ́ lọ́nà tí ọmọ Kubwa yẹn á fi mọ ohun tí yóò máa wò nígbà mìíràn.

Wọ́n á ní fóònù ti dé, pé kí ló kù tí a ó máa fi kálámù ṣe. Fídíò dára, ì bá wù mí kí ẹnì kan ní fóònù nínú gbọ̀ngàn ní 1963. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí fóònù ń gbà láti ìjókòó ẹ̀yìn: orí ẹni tó wà níwájú, ohùn tó ń dún bí inú àgbá, iná tó sọ ojú òṣèré di funfun báláú. Òṣèré orí ìtàgé ń ṣeré fún ojú tó wà lọ́nà jíjìn; ó ń fẹ ìṣe rẹ̀ lójú kó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Bí kámẹ́rà bá sún mọ́ ọn, ohun tó bá a mu nínú gbọ̀ngàn á dà bí àṣejù. Ọ̀pọ̀ òṣèré ìtàgé tó dáńtọ́ ni wọ́n ti fi fíìmù ṣèdájọ́ wọn láìtọ́ nítorí èyí. Fídíò kò sì lè sọ bí gbọ̀ngàn ṣe rí lára, ìgbà tí ẹ̀rín di ìdákẹ́jẹ́. Ó fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn, kò sọ èyí tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀.

Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ ti le jù kò sí lára fóònù rárá. Agbo tíátà Àbújá kéré. Ẹni tó kọ̀wé lónìí lè nílò iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ nípa rẹ̀ lọ́la. Olùdarí, òṣèré, akọ̀ròyìn àti onígbọ̀wọ́ ń jẹun níbi àsè kan náà. Ẹni tó bá sọ pé Ẹlẹ́ṣin ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe ti di ọ̀tá. Nítorí náà, gbogbo èèyàn á yìn, ìyìn náà á sì di owó tí kò ra nǹkan kan mọ́. N kò mọ oògùn ìbẹ̀rù yìí ju pé kí àlàyé ṣáájú ìdájọ́ lọ. Òṣèré tó bá kà á pé ẹnì kan rí gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ ní ìpele kẹta, pé ó ka iye ìgbà tó yíjú, pé ó gbọ́ ibi tí ohùn rẹ̀ ti já, lè bínú sí ìdájọ́ tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ pé wọn kò wo òun. Ọ̀pọ̀ òṣèré ni ẹnikẹ́ni kò wo rí, a kàn ń pàtẹ́wọ́ fún wọn ni.

Èdè wo la ó fi kọ ọ́? Ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Àbújá kò wọ́n, àwọn kan sì ní ojú ìwé àṣà. Ṣùgbọ́n eré tí òwe, ohùn àti ìlù gbé ró nílò ẹni tí yóò kọ ọ́ ní èdè tí òwe àti ohùn wà nínú rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe eré náà. Àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá mọ òṣèré fíìmù dáadáa: ilé tuntun tó kọ́, ọkọ tó kọ̀ ọ́, mọ́tò tó rà. Ojú ìwé kan lóṣù fún ohun tí ẹnì kan rí lórí ìtàgé, bóyá ní Garki, bóyá ní Òṣogbo, pẹ̀lú orúkọ òṣèré, ọjọ́ tó ṣe é, ibi tó ti yege àti ibi tó ti kùnà, kò ní gbà ju ààyè tí wọ́n ń fún ìgbéyàwó kan ṣoṣo lọ.